Ohun Tí Mo Keep Sábẹ́ Ewé Obì

Leeds,
12 Jánúárì 2025

Hàmdálátù ọmọ mi,

Sàlámọ̀ fún ọ, àti fún ìyá mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Yìnyín ń bọ́ níta bí mo ṣe ń kọ èyí, àmọ́ ara mi le. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ṣé ìyá mi ń jẹun? Ṣé gbànja tí ẹ̀ ń tà pọ̀ lọ́dún yìí?

Mo mọ̀ pé wàá bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò kàn pè. Fóònù ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Tí mo bá pè é, gbogbo àwọn tó ń bó obì ní àgbàlá ló ń dá mi lóhùn. Tìrẹ sì ti fọ́. Lẹ́tà nìkan ló kù tí èmi àtìwọ lè fi dá sọ̀rọ̀. Ìyàwó Ṣẹ̀rífù, aládùúgbò mi níbí, ló ń bọ̀ nílé, òun ni mo fi rán.

Fọ́ọ̀mù kan wà nínú rẹ̀. Ibi tí mo fi bírò pupa yí ká ni ìyá mi máa tẹ̀ka sí, pé àwọn gbà kí o máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ìwọ fọwọ́ síbi kejì, kí o dá a padà fún ìyàwó Ṣẹ̀rífù. O máa pé ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ́jọ́ kẹsàn-án Sẹ̀tẹ́ńbà. Tí ìwé yìí ò bá wọlé ṣáájú ọjọ́ náà, o ti dàgbà lójú òfin wọn nìyẹn, mi ò ní lè pè ọ́ wá bí ọmọ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo fi ọ́ sílẹ̀. Ọdún méje ni mo ti ń lé ìwé yìí kiri.

O fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní SS2, o ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Èmi ni tíṣà rẹ báyìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá lónìí: keep. Má fojú kéré rẹ̀. Nígbà tí mo débí, mo rò pé "pa mọ́" ni, ó parí. Wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, keep shut, ìyẹn ni pé kí ilẹ̀kùn máa wà ní títì. Ọ̀gá mi ní kí n keep an eye on ìyá kan, àṣé kí n máa fojú sí i ni. Tí mo bá ń wẹ ìyá náà, màá ní keep still, kó má mira. Ẹni tó ń sin adìẹ, keep ni. Ẹni tó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, keep ni. Ẹni tó mọ àṣírí tí kò sọ, òun náà keep. Oúnjẹ tó bá ti fẹ́ kan, wọ́n á ní it won't keep. Tí o bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́, wọ́n á bi ọ́ pé what kept you, kí ló dá ọ dúró? Lọ́jọ́ kan, ìyá tí mo ń wẹ̀ yìí bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó ní keep it. Mo tún pa á mọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ti fún mi ni. Súwẹ́tà náà ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ yìí.

Fi keep kọ gbólóhùn mẹ́wàá. Kí o sì má gbàgbé fọ́ọ̀mù.

Èmi ni ìyá rẹ,
Raqeebah


Ìjòkú, Ṣàgámù
2 Fẹ́búárì

Mọ́mì mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mi ò rántí bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà mọ́. Tíṣà wa ní ká kọ àdírẹ́sì sápá ọ̀tún, ẹ sáà mọ ilé yín. Ẹ ṣé fún súwẹ́tà. Ó ń yún mi lára, mo ṣì ń wọ̀ ọ́.

Ẹ bi mí bóyá Màmá ń jẹun. Wọ́n ń jẹun.

Gbànja pọ̀ lọ́dún yìí. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́sàn-án la tò, ó kún gbogbo iyàrá tí ẹ máa ń sùn tẹ́lẹ̀. Mo ń kọ keep sára páálí ní àgbàlá ni ìyá Moríyọ̀ tó ń bá wa bó obì bá rí mi. Ó ní, "Òyìnbó Ìjòkú! Kí lò ń kọ bí ẹni ń kọ tírà?" Mo ṣàlàyé gbogbo nǹkan tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe fún wọn bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Màmá ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń ṣe iṣẹ́ méjìlá. Ṣé ẹrú ni, àbí àkọ́bí?" Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí èmi ni àkọ́bí, èmi náà ni àbígbẹ̀yìn.

Ẹ ní gbólóhùn mẹ́wàá, mo kọ mẹ́rin.

Èkíní, obì wa máa ń keep tó oṣù mẹ́fà.
Èkejì, mo keep ẹnu mi. Ṣé wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀?
Ẹ̀kẹta, Mọ́mì mi ń keep ìyá òyìnbó. Ẹ má bínú sí èyí.
Ẹ̀kẹrin, what kept you. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ní ẹni tó pẹ́ dé ni wọ́n máa ń bi.

Ní ti fọ́ọ̀mù, mo ti rí i. Ìyàwó Ṣẹ̀rífù ti padà kí n tó mọ̀. Mi ò fẹ́ fi í sí póòsì bí lẹ́tà yìí kó má baà sọnù, màá wá ẹlòmíràn tó ń bọ̀.

Ẹ bá mi ra ìwé tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sílẹ̀, èyí tó ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n máa ń gbé e nínú fíìmù.

Hàmdálátù


Leeds,
9 Máàṣì

Hàmdálátù,

Ẹ kú ààwẹ̀. Ọlọ́run á gbà á.

Gbólóhùn mẹ́rin rẹ dé. Mo ka ẹ̀kẹrin lẹ́ẹ̀kan, mi ò tún un kà.

Ẹ̀gbọ́n mi Hàbíbátù pè mí láti Líkòsí. Ó ní Alhaji tó ń wá ra obì lọ́wọ́ ìyá mi láti Sábó ti wá, pé ó fi eyín gé obì kan, kòkòrò sì yọ orí. Ó ní Alhaji da gbogbo apẹ̀rẹ̀ náà sílẹ̀ lójú àwọn èèyàn, kòkòrò ti lu èyí tó ju ìdajì lọ, ó sì gba ilé oníṣòwò mìíràn lọ. Ogójì ọdún ni ìyá mi ti ń ta obì láìsí ẹni tó dá ọ̀kan padà fún wọn. Wọ́n bi ọ́ pé ta ló ṣa á. O ní ìwọ ni, pé fóònù lò ń tẹ̀ nígbà tí ò ń ṣa á.

Fóònù wo? O sọ fún mi pé tìrẹ ti fọ́. Èwo ni irọ́ nínú méjèèjì?

Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ yìí kí n tó lọ. A kì í bo apẹ̀rẹ̀ obì mọ́lẹ̀ ká gbàgbé rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni a máa ń tú u, a ó tẹ́ ẹ sí atẹ́gùn, a ó ṣa èyí tó ní ihò kúrò, a ó pààrọ̀ ewé gbòdògí, a ó tún un tò. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ń ṣe é. Ìwọ tó fẹ́ pé méjìdínlógún ò lè ṣe é. O ò lè ṣe ilé-ìwé, o ò lè ṣe obì. Kí lo fẹ́ wá ṣe níbí?

Mi ò tíì rí fọ́ọ̀mù.

Raqeebah


Ìjòkú,
6 Épírì

Mọ́mì,

Ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀.

Èmi ni mo ba obì jẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún Àǹtí Hàbíbátù pé mo gbà.

Ẹ kọ́ mi ní keep a secret nínú lẹ́tà àkọ́kọ́. Máàkì mélòó ni wọ́n ń fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n?

Ẹ ò ní láti ra ìwé oní-kọ́kọ́rọ́ mọ́.

H.


Leeds,
18 Méè

Ọmọ mi,

Sàlámọ̀. Lẹ́tà rẹ kúrú, mo ti kà á tó ìgbà ogún. Inú ló bí mi nígbà tí mo kọ tèmi. Mo máa ń bá ọ wí lórí ìwé torí mi ò sí nílé tí màá fi rí ojú rẹ kí n mọ ìgbà tó yẹ kí n dákẹ́.

Mo pe fóònù ìyá mi. Mo ní kí wọ́n fún ọ. Wọ́n ní o lọ sí Àkákà lọ ra gbànja. Mo pè lọ́jọ́ kejì, o tún lọ sí Àkákà. Ṣé o ti di ọlọ́kadà ni?

Jọ̀ọ́, fọ́ọ̀mù náà. Oṣù mẹ́rin ló kù.

Mọ́mì rẹ


Leeds,
22 Júùnù

Hàmdálátù,

Mi ò rí èsì. Mo tún ń kọ.

Ìyá òyìnbó tó ní súwẹ́tà kú lọ́jọ́ Ẹtì. Ìlú tó wà ní wákàtí méjì péré ni ọmọ rẹ̀ ń gbé, ọjọ́ kejì ló dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dá a dúró. Èmi ni mo pa ojú ìyá náà dé. Mo sì ronú nípa ìyá mi.

Nǹkan kan wà tí o ò sọ fún mi. Mo mọ̀ ọ́n láti inú "Wọ́n ń jẹun" tí o kọ. Gbólóhùn yẹn kúrú jù.

Tí ó bá jẹ́ pé o ò fẹ́ wá sọ́dọ̀ mi, sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kú.

Raqeebah


Ìjòkú,
6 Júláì

Mọ́mì mi,

Mo kúnlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo kúnlẹ̀ lóòótọ́, orí àpótí tí a fi ń bó obì ni mo ti ń kọ ọ́.

Ojú Màmá ti fọ́. Kò tíì fọ́ tán, wọ́n ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń rí òjìji èèyàn. Ṣùgbọ́n wọn ò rí ihò kòkòrò lára obì, wọn ò sì rí mi. Nǹkan funfun kan ti bo ẹyin ojú méjèèjì. Ó ti lé lọ́dún méjì. Ọjọ́ tí mo mọ̀, wọ́n ń da ògì gbígbóná sínú abọ́ fún mi, wọ́n sì ń dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, sórí ẹsẹ̀ ara wọn. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ṣé ó ti kún?"

Mo ní ó ti kún.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ilé-ìwé sílẹ̀. Àwọn kọ́ ló ní kí n fi í sílẹ̀ o. Èmi ni. Wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ lé Kùránì pé mi ò ní sọ fún yín. Wọ́n ní tí Raqeebah bá gbọ́, á da iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ á sáré wálé, gbogbo ìyà tó ti jẹ á wá já sí òfo. Wọ́n tún ní ta ló máa ra obì lọ́wọ́ afọ́jú. Láti ìgbà yẹn, èmi ni mo ń ṣa obì. Àwọn kàn máa ń jókòó ti apẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa fọwọ́ pa á, kí àwọn ìyá tó ń bó obì lè rò pé àwọn ni. Ẹ ò lè mọ̀. Èmi gan-an, ìgbà mìíràn mi ò mọ̀.

Apẹ̀rẹ̀ tí Alhaji dà sílẹ̀, àwọn ló dá a ṣà. Mo lọ sí Àkákà lọ́jọ́ náà, ọ̀kadà bàjẹ́ lọ́nà, mo pẹ́. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti bò ó, wọ́n ti di ewé lé e lórí dáadáa, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Mo ti bá ọ ṣe ọ̀kan." Ó yẹ kí n tú u. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n tú u. Báwo ni mo ṣe máa jókòó síwájú wọn kí n máa tún iṣẹ́ wọn ṣe, bí ẹni pé àwọn lọmọ? Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mi ò fọwọ́ kan apẹ̀rẹ̀ yẹn. Kòkòrò kan ló kó ran gbogbo yòókù. Nítorí náà nígbà tí mo ní èmi ni mo bà á jẹ́, mi ò pa irọ́ púpọ̀.

Ní ti fọ́ọ̀mù. Mi ò wá ẹnì kankan tó ń bọ̀. Mi ò kà á fún Màmá, mi ò sì ya á. Abẹ́ ewé nínú apẹ̀rẹ̀ kẹta ni mo tẹ́ ẹ sí, ewé tútù. Mo mọ̀ pé omi á rin ín. Mo rò pé tí ó bá jẹrà fúnra rẹ̀, kì í ṣe èmi ni mo kọ̀ láti wá nìyẹn, kì í sì í ṣe èmi ni mo fi Màmá sílẹ̀.

Ẹ má sọ pé mi ò fẹ́ wá. Mo máa ń wọ súwẹ́tà yẹn nínú ooru Ṣàgámù. Mo máa ń wọ̀ ọ́ bo orí.

Màmá rí ìwé náà lánàá. Wọ́n ní àwọn náà fẹ́ kọ lẹ́tà. Wọ́n fi ẹnu Rẹ́mọ sọ ọ́, èmi ni mo yí i sí Yorùbá ìwé.

Hàmdálátù


7 Júláì

Raqeebah ọmọ mi,

Èmi Wúlẹ̀mọ̀tù ni mo ń sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ ló ń kọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má yọ nǹkan kan kúrò, kó má sì fi tiẹ̀ kún un.

O kú iṣẹ́ o. O kú òtútù.

Mo fẹ́ pààrọ̀ ewé nínú apẹ̀rẹ̀ kẹta. Ojú mi ni ò dáa, ọwọ́ mi ò fọ́. Ọwọ́ mi mọ ewé, ó mọ obì. Ohun tí mo fọwọ́ kàn kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Mo ní, "Hàmdálátù, kí nìyí?" Ó ní kò sí nǹkan. Mo ní, "Obì kì í bí ìwé." Ó wá bú sẹ́kún. Mi ò gbọ́ ẹkún ọmọ yìí rí láti ọjọ́ tí o ti gbéra. Mo rò pé kò ní ẹkún nínú ni.

Ìwé náà ti di ògì lọ́wọ́ mi.

Raqeebah, èmi ni kí o bá wí. Ojú ìyá tèmi náà fọ́ kó tó kú, mo sì gbà pé ohun ìdílé ni, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lọ sí ọsibítù. Mo wá fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ojú. Mo ní kó búra. Ọmọdé ò yẹ lẹ́ni tí à ń mú búra nítorí àgbà.

Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé obì tí a bò mọ́lẹ̀ tí a ò tú, ooru ara rẹ̀ ló máa pa á. Mo sọ ọ́ fún ọ, o sọ ọ́ fún un. Mo wá bo ọmọ yìí mọ́lẹ̀ ọdún méjì.

(Mọ́mì, wọ́n ń sunkún níbí. Wọ́n ní kí n má kọ ọ́.)

Wá ìwé mìíràn. Màá tẹ̀ka sí i. Tí o bá fẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, màá tẹ̀ ẹ́.

Ìyá rẹ


Leeds,
20 Júláì

Màmá, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ìkúnlẹ̀ ò tó. Ẹ má bẹ̀ mí.

Hàmdálátù, ka èyí sókè fún wọn. Mo ti gba ààyè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ kẹsàn-án Ọ́gọ́ọ̀sì ni mo ń dé. Mi ò ní fi fọ́ọ̀mù rán ẹnikẹ́ni, ọwọ́ mi ni màá fi mú un wá. Ojú Màmá ni a ó kọ́kọ́ gbé lọ sí ọsibítù. Hàbíbátù ti gbà láti kó ẹrù rẹ̀ wá láti Líkòsí, a ti jà, a ti parí ìjà.

Hàmdálátù, mo bi ọ́ léèrè kí lo fẹ́ wá ṣe níbí. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn padà. Ẹ̀kẹrin yẹn náà, mo ti padà kà á. Iṣẹ́ ló dá mi dúró, lẹ́yìn náà ìwé, lẹ́yìn náà ìtìjú.

Ẹ tú gbogbo apẹ̀rẹ̀ kí n tó dé.

Raqeebah


Ìjòkú,
26 Òkítóbà

Mọ́mì mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ilé ti gbòòrò jù láti ìgbà tí ẹ ti padà. Àǹtí Hàbíbátù ń sùn níbi tí ẹ sùn, ó sì ń han-run bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata.

Ojú òsì Màmá ò yí padà, bí dókítà ṣe sọ ló rí, ó ti lọ. Ọ̀tún tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ti ń ríran. Gbànja tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Àkákà. Lọ́jọ́ Ajé mo ṣa apẹ̀rẹ̀ kan tán, Màmá fà á sọ́dọ̀, wọ́n fi ojú kan yẹn wò ó, wọ́n mú obì méjì jáde. Ihò wà lára méjèèjì. Wọ́n sọ ọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. "Ta wá ni afọ́jú?" Ìyá Moríyọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé ó da omi obì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà Màmá tú gbogbo apẹ̀rẹ̀ náà, mo jókòó tì wọ́n, ojú ò tì mí.

Ìwé ìrìnnà mi dé láti Èkó lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n ti lẹ físà mọ́ ọn, fọ́ọ̀mù tí Màmá tẹ̀ka sí wọlé ṣáájú ọjọ́ ìbí mi. Ọjọ́ kẹjọ oṣù tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ. Mo ń kọ́ keep warm sílẹ̀.

Mo gbé ìwé náà fún Màmá. Wọn ò lè kà, ẹ mọ̀. Wọ́n ṣí i títí wọ́n fi dé ibi tí fọ́tò mi wà, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú ọ̀tún títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú wọn. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti sùn lọ.

Wọ́n ní, "Ìgbà wo lo ya èyí?"

Mo ní ọ̀sẹ̀ tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ni, nígbà tí ẹ̀yin Mọ́mì kọ́kọ́ ní kí n lọ gba ìwé ìrìnnà.

Wọ́n ní, "Ò ń bínú níbí. Ojú rẹ wú."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.

Wọ́n ní, "Mi ò rí i."

Wọ́n fi gèlè gbígbẹ wé ìwé náà, wọ́n fi í sáyà, wọ́n sì padà sídìí obì. Ó di ọjọ́ mẹ́ta báyìí. Tí wọ́n bá rò pé mi ò wo ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á ṣí i síbi fọ́tò yẹn, wọ́n á tún dá a padà sáyà.

Mo nílò ìwé náà kí ó tó di ọjọ́ kẹjọ. Mi ò tíì béèrè.

Hàmdálátù ọmọ yín